Òfin Kẹjọ àti Apẹ̀rẹ̀ Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́, kó wo ògiri kíláàsì mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú, lókè pátákó, ni mo lẹ ìwé òfin mi mọ́: ohun tí mo ń retí lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ mi, àti ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí tí kò bá ṣe é. Méjìlá ni òfin náà. Àwọn Sístà tá a jọ ń gbé máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi tirẹ̀ mọ sí mẹ́wàá. Mo ní Ọlọ́run kò kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Gẹ̀ẹ́sì rí.

Òfin kìíní ni pé àdúrà la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í sì í ṣe àdúrà ẹni tó ń tòògbé. Òfin kejì: tí agogo bá dún tí o ò tíì jókòó, o ti pẹ́ nìyẹn, má wulẹ̀ sọ ìtàn fún mi. Iṣẹ́ àmúrelé tó bá pẹ́ ti sọ máàkì nù, ì báà jẹ́ áńgẹ́lì ló dè ọ́ mọ́lé. Òfin karùn-ún: ẹni tó jí iṣẹ́ ẹlòmíràn wò àti ẹni tó jẹ́ kí wọ́n jí tòun wò, òdo làwọn méjèèjì máa gbà. Òfin kẹfà: kò sí jíjẹ, kò sí mímu, kò sí ṣingọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n èyí tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀ ni òfin kẹjọ, bí mo sì ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí: "Fóònù yòówù tó bá dún nínú yàrá yìí yóò wọ inú apẹ̀rẹ̀. Òbí ẹni tó ni fóònù ni yóò wá gbà á, lẹ́yìn tó bá ti jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì fún odindi ẹ̀kọ́ kan. Títí di ìgbà náà, ẹni náà kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé-ìwé yìí níbikíbi."

Bẹ́ẹ̀ ni, òbí ni mo ní kó wá jókòó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ńṣe làwọn òbí máa ń já wọlé, wọ́n á gba fóònù, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àtìgbà tí mo ti ní kí wọ́n máa jókòó, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ kíláàsì bíi ti ọmọ wọn, kò sí èyí tó fẹ́ wá lẹ́ẹ̀kejì. Adájọ́ kan gba máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ́dọ̀ mi, ó sì ń bẹ̀ mí kí n má sọ fún ìyàwó òun. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìwé òfin yìí máa ń dé ilé gbogbo ọmọ. Òbí á kà á, á sì buwọ́ lù ú. Nọ́ńbà fóònù mi wà nísàlẹ̀ pátápátá, fún òbí tó bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá mi sọ. Wọn kì í pè. Èyí tó wà lára ògiri, Fáàdá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa ló buwọ́ lù ú pẹ̀lú yíǹkì pupa, ó ní kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé òun wà lẹ́yìn mi.

Nínú kíláàsì yìí ni ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Agbẹjọ́rò. Tó o bá kí i pé "káàárọ̀", á bi ọ́ pé ta ló sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Òun ni mo yàn pé kó ṣojú wa níbi ìdíje àríyànjiyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ Ẹtì, níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá mókè, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni dé yunifásítì. Bàbá ọmọ yìí ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń dáná lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù káàkiri. Owó yunifásítì kò sí nínú ìkòkò tó ń rò. Ọmọ náà fẹ́ ẹ̀bùn yìí bí ẹni ń kú lọ. Èmi náà fẹ́ ẹ fún un, bóyá jù ú lọ pàápàá, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́nu mi.

Ló bá di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, fóònù Agbẹjọ́rò dún nínú kíláàsì. Ìyá rẹ̀ ni. Tí ọkọ̀ wọn bá ti sún mọ́ ilẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀kì wọlé, kì í wo aago kó tó pe ọmọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò pa á, ó dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó wá dúró síwájú tábìlì mi.

"Sístà, màmá mi ṣì wà lórí òkun. Ó di ìparí oṣù kí wọ́n tó dé, ọjọ́ Ẹtì sì ni ìdíje."

"Mo gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí àbúrò wọn tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ wá jókòó."

"Ṣé òun ló buwọ́ lu ìwé?"

"Rárá, màmá mi ni."

"Kí ni òfin sọ?"

Ó yíjú sí ògiri, ó kà á. Ó tún un kà. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. "Sístà, bó ṣe wà yẹn náà ni? Fóònù yòówù?"

"Yòówù."

"Ẹni yòówù?"

"Agbẹjọ́rò, mo ní ẹni yòówù. Kódà kó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ ṣé, Sístà," ló wí, ó sì jáde. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Ọmọ yẹn kì í dúpẹ́ lásán.

Fáàdá wá bá mi ní yàrá olùkọ́ lọ́jọ́ kejì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Fáàdá, tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó le, á kọ́kọ́ máa tún àwọn ìwé orí tábìlì tò.

"Sístà, nípa ọmọ yẹn," ó bẹ̀rẹ̀. "Ṣé kò sí bá a ṣe lè fojú fò ó lẹ́ẹ̀kan péré?"

"Fáàdá, tí mo bá fojú fò ó fún ẹni tí mo fẹ́ràn, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tí n kò fẹ́ràn?"

Ó ronú sí i, ó mi orí, ó ní òtítọ́ ni mo sọ. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n gbogbo àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni mo fi wá ẹni mìíràn tó lè rọ́pò ọmọ náà nínú gbogbo kíláàsì, n kò rí.

Lọ́jọ́rú, mo wọ kíláàsì, mo bá Fáàdá níwájú pátákó. Àwọn ọmọ ló lọ pè é, wọ́n ní kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìgbọràn. Mo ní, áà, ìwé òfin mi ti ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ká ọwọ́ gbera, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí òmùgọ̀.

Fáàdá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó ga ju òfin lọ ni orin Kérésìmesì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò rẹ̀. Orin Kérésìmesì, láàárín ọdún! Dípò kí ọkùnrin yìí pa á, ńṣe ló gbé e sétí.

"Màmá, inú kíláàsì ni mo wà... Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jẹun... Mo jẹ ẹ́ tán, Màmá... Ó dàbọ̀, Màmá, ó dàbọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí ṣọ́ọ̀kì kì í já bọ́ lọ́wọ́ mi kí wọ́n má fi ṣẹ̀rín, gbogbo wọn jókòó jẹ́jẹ́ bí ère inú ṣọ́ọ̀ṣì. Agbẹjọ́rò ló dìde. Ó lọ síbi fèrèsé, ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí àwọn tó ń gba ọrẹ ṣe máa ń ṣe, ó sì lọ dúró síwájú Fáàdá.

Fáàdá rẹ́rìn-ín. Ó wò mí níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn, ó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín. "Sístà?"

Gbogbo kíláàsì yíjú padà. Èmi ni wọ́n ń wò, kì í ṣe òun. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ pé "ẹ jẹ́ kó lọ", òfin méjèèjìlá ti kú nìyẹn, a ó sin wọ́n kí agogo tó lù.

"Fáàdá," mo ní, "yíǹkì pupa lẹ fi buwọ́ lù ú."

Ló bá ju fóònù sínú apẹ̀rẹ̀. Agbẹjọ́rò dúpẹ́. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Fáàdá, ta ni yóò wá sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù lórúkọ ilé-ìwé wa lọ́jọ́ Ẹtì?"

Lẹ́yìn tí Fáàdá ti jáde, mo fi ìka pe ọmọ náà. "O mọ̀ pé wọ́n máa pè é lákòókò yẹn?"

"Sístà, aago mẹ́wàá ni màmá wọn máa ń pè lójoojúmọ́. Tí wọn ò bá gbé e, màmá á máa pe gbogbo ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò mọ̀."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí, n kò jẹ́ kó rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tó rò ni pé nítorí bíṣọ́ọ̀bù, a ó fa òfin ya fún Fáàdá, tá a bá sì fà á ya fún Fáàdá, ó di dandan ká fà á ya fún òun náà. Ó gbọ́n. Ohun kan péré ló gbàgbé: Fáàdá ní ìyá nítòsí, ìyá náà sì lẹ́sẹ̀.

Kí agogo tó lù lọ́jọ́bọ̀, Màmá Fáàdá ti wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Ìyá àgbàlagbà kékeré kan, ó dé fìlà olówùú, bàtà rẹ̀ ń dán, ó gbé báàgì ńlá há abíyá. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, ó ń wo ilẹ̀.

"Sístà, ẹ káàárọ̀ o," ló wí. "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń retí èyí. Gbogbo ìgbà tí ọmọ yìí fi lọ sílé-ìwé, wọn ò pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìyá tó kù a máa lọ, wọ́n á bọ̀, wọ́n á ròyìn. Èmi ò ní nǹkan kan láti sọ. Ọmọ dáadáa ni, ó sú mi."

"Màmá," ni Fáàdá wí.

"Dákẹ́, o ti ṣẹ̀."

Mo fún un ní ìwé òfin. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó buwọ́ lu ẹ̀dà kan, ó ká ìkejì sínú báàgì. Mo fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú. Ibi tí àyè wà nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbẹjọ́rò. Màmá wà láàárín, ọmọ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ọmọ olórí líle yẹn lápá òsì.

Kí n sọ òótọ́, n kò rí ọmọ ilé-ìwé tó burú tó ìyá yẹn rí. A ò tíì ṣe àmín tán tó ti ń bi Agbẹjọ́rò pé ọmọ ta ni. Ó mú bisikíìtì jáde, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń pín in. Mo ní kí wọ́n kọ ìlà márùn-ún nípa ẹni tó kọ́ wọn ní nǹkan. Màmá na ọrùn, ó wo ti Fáàdá, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láìyọ ibi tí Fáàdá ti kọ "ìyá mi" kúrò. Mo fún àwọn méjèèjì ní òdo.

"Sístà, ìyá mi ni wọ́n!" ni Fáàdá wí.

"Òfin karùn-ún, Fáàdá. Ẹ̀yin lẹ ò fi ọwọ́ bò ó."

Nígbà tí agogo lù, mo gbé apẹ̀rẹ̀, mo fún Fáàdá ní fóònù rẹ̀. Fóònù kan ló ṣẹ́ kù sínú ẹ̀. Mo wo Agbẹjọ́rò, mo ń retí àríyànjiyàn. Kò sí. Ó kàn gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. N kò rí ọmọ yẹn kó dákẹ́ rí, ó sì dùn mí wọra.

"Kí ló ń pa èyí lẹ́kún?" ni Màmá bi mí.

Mo ṣàlàyé fún un: ìyá tó wà lórí òkun, ìdíje ọ̀la, yunifásítì.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣebí èmi náà ti jókòó tì í láti àárọ̀? Ẹ fún un ní tiẹ̀."

"Màmá, òfin ní òbí rẹ̀."

"Sístà, ẹ wo ọmọ náà."

"Mo rí i, Màmá. Ṣé ẹ rò pé mi ò rí i ni? Òfin kò gba ẹlòmíràn, èmi ni mo sì kọ ọ́."

Màmá tún ọwọ́ bọ inú báàgì, mo rò pé bisikíìtì ló tún ń wá. Èmi kọjú sí pátákó, mo ń nu ún, nítorí ẹ̀kọ́ méjì la ní tẹ̀ léra lọ́jọ́bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Mo yí padà bí iná. "Ta nìyẹn? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú yín rí nínú yàrá yìí! Ta ni?" Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù ń dún lọ. Kò sẹ́ni tó mira. Ọmọ kan tó wà nítòsí fèrèsé ló wá na ìka, díẹ̀díẹ̀, sí orí àga mi.

Báàgì mi ló ń dún.

N kò mọ ohùn rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé: fóònù tèmi ni, n kò sì mọ ohùn rẹ̀. N kì í pa á, nítorí kò sẹ́ni tó ń pè mí. Mo wo Màmá. Ó gbé fóònù sétí ọ̀tún, ó sì fi ọwọ́ òsì na ìwé òfin mi jìnnà sójú kó lè rí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀.

Agbẹjọ́rò dìde. Omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé apẹ̀rẹ̀ náà wá bá mi. Mo fi fóònù mi sínú ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ti ní kódà kó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù.

"Sístà," ó rọra wí, kò sì sí àrékérekè nínú ohùn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, "ta ni yóò wá bá yín gbà á?"

Mo la ẹnu láti bá a wí, ohun mìíràn ló jáde. "Ìyá mi ti kú. Bàbá mi ṣáájú wọn lọ. Mi ò lẹ́nì kan."

N kò pinnu láti sọ ọ́. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé-ìwé yẹn rí. Fáàdá ń wo bàtà rẹ̀.

Màmá fi ìdí ti ọmọ rẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kúrò lórí bẹ́ńṣì. Ó wá fi ọwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

"Wá jókòó," ó ní.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ìyẹn? Jókòó. Tí mo bá lè jókòó tì ọ́, mo lè jókòó ti ọmọ yìí. Tí n ò bá sì lè jókòó tì í, a jẹ́ pé fóònù ẹ á wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn títí láé, ìwọ náà ò sì ní lè sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé-ìwé níwájú bíṣọ́ọ̀bù lọ́la."

"Ó wà nínú òfin, Sístà," ni Agbẹjọ́rò fi kún un.

Mo wo ògiri. Mo wo yíǹkì pupa. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ, n kò lè sọ pé èmi ni mo rìn. Mo jókòó ti ìyá yẹn lápá ọ̀tún, Agbẹjọ́rò jókòó tì í lápá òsì, Fáàdá sì mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò mọ̀ ọ́n kọ́ rárá. Láàárín ẹ̀kọ́, Màmá ki nǹkan bọ̀ mí lọ́wọ́ lábẹ́ tábìlì. Bisikíìtì ni. Mo jẹ ẹ́. Agbẹjọ́rò rí mi, ó mọ òfin kẹfà dáadáa, ó sì yíjú sí pátákó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Fáàdá kí bíṣọ́ọ̀bù káàbọ̀ títí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ sí i láti ìjókòó iwájú. Agbẹjọ́rò dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mókè. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tó fi òfin mi dè mí tọwọ́ tẹsẹ̀, kí ni ọmọ ilé-ìwé mìíràn fẹ́ fi í ṣe? Ó ti pe ìyá rẹ̀ lórí òkun kí n tó rí àyè kí i. Mo sunkún, mo sì ní eruku ló kó sí mi lójú.

Ìwé òfin tuntun ti wà lára ògiri báyìí. Méjìlá náà ni. Òfin kẹjọ ló yí padà díẹ̀: "Òbí, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ṣe tán láti jókòó." Fóònù mi, mo ti ń pa ohùn rẹ̀ kí n tó wọ kíláàsì, nítorí tí Màmá bá ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ní aago mẹ́wàá, èmi ló kàn. Tí agogo ìsinmi bá ti lù, màá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá pè é padà, àwọn ọmọ á máa gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ti jẹun?" ló máa ń bi mí.

Mo máa ń ti jẹun. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo máa ń pa fún un, màá ní mi ò tíì jẹun, kó lè bá mi wí pẹ́ díẹ̀.